Ìgbàgbọ́ Tó Lọ́wọ́, Tó Lẹ́sẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn àgbà ka Bíbélì, ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Ẹlòmíràn ń béèrè kó lè jiyàn. Ẹlòmíràn ń béèrè nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Mo kó àwọn tó ń wáyé jù lọ jọ síbí. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sí mi létí ni mo ṣe tò wọ́n, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn má bínú.

Kí ni à ń pè ní fífi ìwà jẹ́rìí ìgbàgbọ́?

Pé kí ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa Kristi hàn nínú bí ẹ ṣe ń náwó, nínú bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí yín, àti nínú bí ẹ ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lè san oore padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jòhánù ní kí á má ṣe fi ọ̀rọ̀ tàbí ahọ́n fẹ́ràn, bí kò ṣe ní ìṣe àti ní òtítọ́ (1 Jòhánù 3:18). Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ó ní bí ẹnì kan bá ní ohun ìní ayé yìí, tó rí arákùnrin rẹ̀ tó ṣe aláìní, tó sì sé àánú mọ́ ọn, báwo ni ìfẹ́ Ọlọ́run ṣe ń gbé inú onítọ̀hún? Ẹ kíyè sí i pé ó ní "tó rí". Ẹni tí kò rí lè rí àwáwí ṣe. Ẹni tó rí, tó wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kì í kún agbọ̀n. Mo rò pé Jákọ́bù, ẹni tó kọ lẹ́tà kan nínú Májẹ̀mú Tuntun, ì bá ti bá wọn ṣe àmín.

Ṣé iṣẹ́ rere ló máa gbé mi dé ọ̀run nígbà náà?

Rárá. Pọ́ọ̀lù kò fi èyí pa mọ́: oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣògo (Éfésù 2:8-9). Ẹni tó ń ka iye aláìsàn tó ti bẹ̀ wò bí ẹni ń ka owó tó fi sí báńkì ti ṣìnà jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń dákẹ́ ní ẹsẹ kẹsàn-án, bí ẹni pé ojú ìwé tán síbẹ̀. Ẹsẹ kẹwàá ń bẹ: iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni wá, tí a dá nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere, èyí tí Ọlọ́run ti pèsè sílẹ̀ kí á lè máa rìn nínú wọn.

Ẹ wo Sákéù agbowó-orí (Lúùkù 19). Ó wà lórí igi, kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò tíì tọrọ àforíjì, Jésù ti ní kó yára sọ̀ kalẹ̀, ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀ sí. Oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà dìde dúró tó ní ìdajì ohun ìní òun di ti àwọn òtòṣì, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò fi owó yẹn ra ìbẹ̀wò, nítorí àlejò ti wọlé ná. Ṣùgbọ́n tí Jésù bá wọlé Sákéù, tó jẹun tán, tó jáde, tí Sákéù sì padà sídìí tábìlì owó-orí lọ́jọ́ kejì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ta ni yóò gbà pé ìgbàlà wọ ilé yẹn?

Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù kò ha ń ta ko ara wọn bí?

Ìbéèrè yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ní Róòmù 3:28, Pọ́ọ̀lù ní nípa ìgbàgbọ́ ni a ń dá ènìyàn láre, láìsí iṣẹ́ òfin. Ní Jákọ́bù 2:24, Jákọ́bù ní nípa iṣẹ́ ni a ń dá ènìyàn láre, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Ábúráhámù kan náà ni àwọn méjèèjì tún mú ṣe àpẹẹrẹ! Ẹni tó bá ní òun kò rí i pé ó ta kókó, kò tíì kà á dáadáa.

Ibi tó ti tú fún èmi ni ìgbà tí mo wo àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ. Jẹ́nẹ́sísì 15 ni Pọ́ọ̀lù ti mú tirẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Ábúráhámù ka ìràwọ̀ bó bá lè kà á, tó gba Ọlọ́run gbọ́, tí a sì kà á sí òdodo fún un. Wọn kò tíì bí Ísáákì nígbà náà. Jákọ́bù mú tirẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì 22, nígbà tí Ísáákì ti tó ẹni tó lè ru igi gun òkè. Ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàárín. Ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀, èkejì ń sọ ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Àwọn tí wọ́n ń bá wí náà yàtọ̀. Àwọn tó fẹ́ kí àwọn Kèfèrí kọlà kí Ọlọ́run tó gbà wọ́n ni Pọ́ọ̀lù ń bá fà á. Jákọ́bù ń bá ẹni tó rí arákùnrin tí kò láṣọ, tí kò rí oúnjẹ òòjọ́, tó ní, "Máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ móoru, kí o yó," àmọ́ tí kò mú nǹkan kan fún un, wí (2:15-16). Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Àdúrà ni. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí ìkórìíra. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹni tó ń gbà á ní nǹkan náà nílé, ó sì fi àdúrà rọ́pò rẹ̀.

Martin Luther, ọmọ Jámánì tí ìyapa àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì kúrò lára Ìjọ Kátólíìkì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò gba ti lẹ́tà Jákọ́bù. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí Májẹ̀mú Tuntun ní 1522, ó fi í wé koríko gbígbẹ; wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà nínú àwọn ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn náà. Àmọ́ Luther yìí kan náà, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, ló sọ pé ìgbàgbọ́ jẹ́ ohun alààyè tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀: kò ní béèrè bóyá iṣẹ́ rere wà láti ṣe, kí a tó béèrè ó ti ṣe é. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1999, ní ìlú Augsburg ní Jámánì, Ìjọ Kátólíìkì àti àpapọ̀ àwọn ìjọ Luther lágbàáyé jọ fọwọ́ sí ìwé kan pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń tẹ́wọ́ gbà wá, nípa ìgbàgbọ́, Ẹ̀mí Mímọ́ sì ń múra wa sílẹ̀ fún iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006. Ìyapa tó ti lé ní 450 ọdún kò tíì parí pátápátá, àmọ́ ẹni tó bá ṣì ń fi Pọ́ọ̀lù bo Jákọ́bù mọ́lẹ̀ kí òun lè máa sinmi, kò ní alátìlẹ́yìn púpọ̀ mọ́.

Wọ́n ní Francis ti Assisi sọ pé ká máa wàásù nígbà gbogbo, ká lo ọ̀rọ̀ nígbà tó bá pọn dandan nìkan. Ṣé kí n má sọ̀rọ̀ Jésù mọ́?

Kò sí gbólóhùn yẹn nínú ìwé tí Francis fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ohun tó wà nínú ìlànà tó ṣe fún àwọn ará ẹgbẹ́ ìsìn tó dá sílẹ̀ ní 1221 ni pé kí gbogbo wọn máa fi iṣẹ́ wọn wàásù. Òun fúnra rẹ̀ kò sì pa ẹnu mọ́: láti ìlú dé ìlú ló ń wàásù títí tó fi kú ní 1226.

Mo máa ń ṣọ́ra fún ẹni tó bá yára fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, nítorí pé nígbà míì ojú ló ń tì í láti dárúkọ Jésù, ó wá rí aṣọ iyì dà bo ìtìjú rẹ̀. Pétérù ní kí á múra sílẹ̀ nígbà gbogbo láti dá ẹni tó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ìwà tútù (1 Pétérù 3:15). Ẹ rí i, ẹnì kan ló kọ́kọ́ béèrè. Ìwà ló mú un béèrè, ọ̀rọ̀ ló sì dá a lóhùn. Bí ìwà wa kò bá mú ẹnikẹ́ni béèrè ohunkóhun láti ọdún mẹ́wàá wá, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan.

Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ó tún ní kí ìmọ́lẹ̀ wa tàn níwájú ènìyàn. Èwo ni ká ṣe?

Méjèèjì wà nínú ìwàásù kan náà, Mátíù 5:16 àti 6:3, nítorí náà kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ti àkọ́kọ́ ní kí wọ́n rí iṣẹ́ rere wa, kí wọ́n lè yin Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run. Ti èkejì ń bá ẹni tó ń fun fèrè níwájú ara rẹ̀ wí, kí èèyàn lè yìn ín. Ibi tí ìyìn ń lọ ni kí ẹ wò.

Fèrè ti ìsinsìnyí wà nínú àpò gbogbo wa. Ìgbà tí a bá lọ bẹ aláìní wò, tí a ní kó gbé ẹrù tí a kó fún un sókè díẹ̀ kí fóònù lè gbé e dáadáa, a ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó pọ̀ ju ohun tí a fún un lọ. A gba ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àjọ aláàánú gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n fi owó ṣe han àwọn tó dáwó, mi ò sì bá wọn jà. Wọ́n lè ṣe ìyẹn láìsí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Fún àwa tó ku, ìdánwò kan wà tí mo máa ń fún ara mi: bí wọ́n bá ní kí n fi fóònù sílé, ṣé màá ṣì lọ? Ìgbà kan wà tí mo dá ara mi lóhùn, ìdáhùn náà kò dùn mọ́ mi.

Níbo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bí mo bá ní kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ hàn, ọkàn rẹ̀ á lọ sí ilé ìwòsàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ibi rere ni gbogbo wọn. Àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Pọ́ọ̀lù le gan-an lórí èyí: ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn tirẹ̀, pàápàá àwọn ará ilé rẹ̀, ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó sì burú ju aláìgbàgbọ́ lọ (1 Tímótì 5:8). Ìpèsè kì í ṣe owó nìkan. Ohùn tí ẹ fi ń bá ìyàwó tàbí ọkọ yín sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dé ilé ìjọsìn, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ilé, ẹ wo gbèsè. "Ẹ má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ohun kan, bí kò ṣe pé kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì ẹni" (Róòmù 13:8). Mo ní ìtàn kan tí mi ò fẹ́ràn láti máa sọ. Mo yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Owó náà kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ là ń pàdé ní ilé ìjọsìn, à ń dì mọ́ra wa, mo tún máa ń dárúkọ ìdílé rẹ̀ nínú àdúrà, sókè ketekete. Ó lé ní ọdún kan kí n tó san án. Lọ́jọ́ tí mo kó o fún un, ó ní, "Háà, mo ti rò pé àdúrà yẹn lo fi ń san án ni." A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò kọjá eyín.

Lẹ́yìn gbèsè, ẹ wo owó iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba èèyàn síṣẹ́, ì báà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a tún ilé ṣe, ìwé Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 4 ni kó lẹ̀ mọ́ ògiri. Owó ọ̀yà tí wọ́n fi ẹ̀tàn dá dúró mọ́ àwọn olùkórè lọ́wọ́ ń ké, igbe àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun. Owó náà fúnra rẹ̀ ló ń ké! Òfin Mósè ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí owó alágbàṣe má ṣe sùn mọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́ (Léfítíkù 19:13). Mo ti rí àwọn ìjọ tí wọ́n ń kọ́ ilé tó ga, tí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà wọn kò tíì gba owó oṣù tó kọjá. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà yẹn ń gbọ́ ìwàásù láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. Irú ìwàásù wo ni ẹ rò pé ó ń gbọ́?

Mo gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣáájú nítorí pé kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un yín tí ẹ bá ṣe wọ́n. Ẹni tó san gbèsè kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Ẹni tó mọ̀ bóyá ẹ ń ṣe wọ́n kò sì pọ̀, àmọ́ àwọn gan-an ló mọ irú Kristẹni tí ẹ jẹ́.

Èmi kò lówó. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ padà lọ ka Mátíù 25:35-36. Oúnjẹ, omi, àlejò ṣíṣe, aṣọ, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí ó dé orí aláìsàn, Jésù kò ní "ẹ wò mí sàn". Ó ní ẹ bẹ̀ mí wò. Ní ti ẹlẹ́wọ̀n, kò ní "ẹ tú mi sílẹ̀". Ó ní ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ àti àkókò ló béèrè.

Dọ́kásì ní Jópà, abẹ́rẹ́ ló ní. Nígbà tó kú, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tó rán fún wọn hàn án (Ìṣe 9:39). Bíbélì kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn fi ẹnu sọ. Ẹ̀wù ló ń sọ̀rọ̀ fún un.

Elizabeth Fry, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Quaker, wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní London lọ́dún 1813, ó bá àwọn obìnrin àti ọmọ wọn tí wọ́n há mọ́ra lórí ilẹ̀. Aṣọ ló kọ́kọ́ kó lọ fún àwọn ọmọ. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré sílẹ̀ nínú ọgbà náà, òun àti àwọn obìnrin mìíràn sì ń kọ́ wọn ní ìránṣọ. Fry kì í ṣe tálákà, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn olówó tó ju òun lọ kún London, wọn kò sì wọ ẹnu ọ̀nà yẹn.

Damien, àlùfáà ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ bá àwọn adẹ́tẹ̀ tí wọ́n kó sọ sí erékùṣù Molokai ní Hawaii ní 1873. Ó ń wẹ egbò, ó ń kọ́ ilé, ó ń kan pósí. Nígbà tó bá ń wàásù, kì í ní "ẹ̀yin ará", "àwa adẹ́tẹ̀" ló máa ń wí, kí àrùn náà tó mú òun alára rárá. Ó mú un nígbẹ̀yìn, òun ló sì pa á ní 1889. Mi ò ní kí ẹ lọ ṣe bíi tirẹ̀. Mò ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan péré, "àwa", ohun tó ná an nìyẹn.

Ṣé àwọn ará inú ìjọ nìkan ni ká máa ràn lọ́wọ́?

Pọ́ọ̀lù ní kí á máa ṣoore fún gbogbo ènìyàn, pàápàá fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́ (Gálátíà 6:10). Àwọn kan di "pàápàá" mú, wọ́n sọ "gbogbo ènìyàn" nù. Agbẹjọ́rò tó bi Jésù pé "Ta ni ọmọnìkejì mi?" náà ń wá ibi tí yóò fa ìlà sí. Jésù sọ ìtàn kan fún un tí ará Samáríà, ẹni tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, fi di ẹni tó ṣàánú. Lẹ́yìn náà ó yí ìbéèrè padà: ta ni nínú àwọn mẹ́ta yìí ló hùwà ọmọnìkejì sí ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́ṣà? Agbẹjọ́rò náà kò lè pe "ará Samáríà" jáde lẹ́nu. Ó ní, "Ẹni tó ṣàánú fún un ni."

Ohun tí àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí ṣe nìyẹn. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà káàkiri ilẹ̀ ọba Róòmù láàárín nǹkan bí 249 sí 262, Cyprian tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní kí wọ́n tọ́jú gbogbo aláìsàn, títí kan àwọn tó ti ń ṣe inúnibíni sí wọn. Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ̀wé nípa àwọn ará tó kó àrùn náà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n sì kú sídìí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 362, ọba Julian tó fẹ́ dá ìsìn òrìṣà Róòmù padà kọ lẹ́tà sí olórí àlùfáà kan ní Gálátíà. Ó ṣàròyé pé ìtìjú ni, àwọn ará Gálílì, orúkọ tó máa ń pe Kristẹni, ń bọ́ àwọn òtòṣì tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ "tiwa" mọ́ ọn. Ẹ̀rí láti ẹnu ọ̀tá kò ní àbùlà. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló máa kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nípa wa lónìí, tinútinú ìbínú.

Mo mọ àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, ìwà wọn dára ju ti àwọn ará ìjọ wa lọ. Báwo ni?

Òótọ́ ni, mo mọ̀ wọ́n pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ wá àbùkù sí wọn lára. Ẹ dúpẹ́ fún wọn, kí ẹ sì kọ́ ohun tí ẹ lè kọ́. Jésù ti fi ìgbàgbọ́ balógun ọ̀rún ará Róòmù dójú ti Ísírẹ́lì rí (Mátíù 8:10). Kò yẹ kó ṣòro fún wa láti gbà pé aládùúgbò wa lè fi ìwà dójú tì wá.

Bí mo bá ń ṣoore, tí wọ́n wá ń lò mí bí ẹni tí kò gbọ́n ńkọ́?

Àánú kò ní kí èèyàn fọ́ lójú. Ìwé tó sọ pé ká má ṣàárẹ̀ ní rere ṣíṣe náà ló sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun (2 Tẹsalóníkà 3:10, 13). Ó ní ẹni tí kò *fẹ́*. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tí kò rí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi na aláìsàn àti aláìríṣẹ́. Ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá ní ìwé orúkọ opó, wọ́n sì ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i (1 Tímótì 5:9-10).

Ẹ lè kọ̀ láti fún ẹni tó ń mutí ní owó, kí ẹ sì gbé oúnjẹ fún un. Ẹ lè sọ pé "rárá" láìfi bú ẹni. Ẹ máa ṣì í ṣe nígbà míì, wọ́n á rẹ́ yín jẹ. Ní tèmi, ó sàn kí ẹni mẹ́ta rẹ́ mi jẹ ju kí n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni kẹrin tí ebi ń pa lóòótọ́. Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀, a sì ti jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ lọ sinmi. Jésù sọ fún àwọn àpọ́sítélì pé kí wọ́n bọ́ sí apá kan, kí wọ́n sinmi díẹ̀, nítorí pé wọn kò ráyè jẹun (Máàkù 6:31). Nígbà tí pípín oúnjẹ fún àwọn opó wọ àwọn méjìlá náà lọ́rùn, wọ́n ní kí wọ́n yan ẹni méje sí i (Ìṣe 6). Ẹni tó rò pé bí òun kò bá lọ ohun gbogbo á dúró ti gba ipò ẹlòmíràn.

Ṣé iṣẹ́ àánú tó? Àbí kí Kristẹni tún máa jà fún ẹ̀tọ́?

Bí ọlọ́ṣà bá ń dá ọ̀nà kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹni tó ń di egbò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí kò fi sí ẹ̀ṣọ́ lọ́nà náà. Aísáyà 58 kò ya méjèèjì sọ́tọ̀: ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kí á tú ìdè ìwà burúkú, kí ẹni tí a ni lára lọ lómìnira, *àti* kí á pín oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa.

Òwò ẹrú ni àpẹẹrẹ tó le jù, nítorí pé ó gé wa níhà méjèèjì. Àwọn Kristẹni ta ènìyàn, wọ́n ra ènìyàn, wọ́n sì ń kọrin ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi. A kò gbọ́dọ̀ fo ibẹ̀ yẹn. Àwọn Kristẹni náà ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde sí i: àwọn Quaker kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní 1783. William Wilberforce, ọ̀kan lára àwọn aṣòfin, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde níbẹ̀ ní 1789. Wọ́n dá àbá òfin rẹ̀ nù ní 1791, òfin tó fòpin sí òwò náà kò sì kọjá títí di 1807. Òfin tó máa tú àwọn ẹrú fúnra wọn sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì di 1833, ọdún tí Wilberforce kú gan-an. Àmọ́ ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Láti 1791, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti ra ṣúgà tí ẹrú fi ọwọ́ wọn ṣe. Àwọn obìnrin, tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà, ló ń darí rẹ̀ nínú ilé. Ẹ fojú inú wo tíì tí kò dùn, láràárọ̀, fún ọdún mélòó kan, nítorí ẹni tí ẹ kò rí rí.

Mo ti ba orúkọ jẹ́. Àwọn èèyàn mọ̀ pé Kristẹni ni mí, wọ́n sì mọ ohun tí mo ṣe. Ṣé ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀?

Kò pẹ́ jù. Àmọ́ ẹ má fi iṣẹ́ rere tuntun bo ti àtijọ́. Ẹni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ, tó wá lọ ń fún ẹlòmíràn lẹ́bùn, gbèsè rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe láìfi "bí mo bá ṣẹ̀ yín" sí i, nítorí pé ẹ mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ béèrè ohun tó lè tún un ṣe. Wọ́n lè máà dárí jì yín lọ́jọ́ náà, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Jésù sọ èyí ní Gálílì: bí o bá ń mú ẹ̀bùn rẹ bọ̀ síbi pẹpẹ, tí o wá rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní nǹkan nínú sí ọ, fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o lọ bá a làjà ná, kí o tó wá rú ẹbọ rẹ (Mátíù 5:23-24). Jerúsálẹ́mù ni pẹpẹ wà. Láti Gálílì, nǹkan bí ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ọ̀nà náà dáadáa, ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé kí ọkùnrin náà so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àlùfáà, kó yí padà, kó rin ọjọ́ mẹ́ta lọ sílé lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, kó sì tún rin ọjọ́ mẹ́ta padà wá.